Ìlà Olùkọ́

Òótọ́ pọ́ńbélé ni èyí. Aránṣọ tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láàyè, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ náà wà.

Tíṣà gìtá ni ọkọ aránṣọ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ á ta ìlà òkè nínú ìwé orin, òun á ta ìlà ìsàlẹ̀, tí í ṣe ìlà olùkọ́, méjèèjì á wọnú ara wọn. Ó ní sùúrù fún gbogbo ayé, àfi ìyàwó rẹ̀ tó ń kọ́ ní gìtá. Bí ìyẹn bá ṣi okùn kan tẹ̀, á fi ìka kan igi ara gìtá lẹ́ẹ̀mejì. Á ní, "Padà síbẹ̀rẹ̀." Ọdún méjì gbáko, kò jẹ́ kó ta orin kan dé òpin rí. "Ìyá ọmọ mi, abẹ́rẹ́ lọwọ́ tìẹ mọ̀," ló máa ń wí níṣojú àlejò.

Tíṣà kú. Ìlà olùkọ́ tó gbà sínú fóònù fún ìdánrawò ló kù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìsìnkú, aránṣọ gbé gìtá. Inú ń bí i sí òkú. Ó ní dandan, òun á ta orin náà dé òpin. Ó tan fóònù, ó ta ìlà akẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí ìka kẹta ti ń fò bọ́ sórí okùn míì, ó yọ̀.

Kọ́, kọ́.

Inú fóònù ló ti wá. Orin dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í níbòmíràn. Kọ́, kọ́.

"Màmá, ẹ pa á," ọmọ rẹ̀ wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó kú tán, ó tún ń kan igi fún mi."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi fọwọ́ kan fóònù. Ìlà ìsàlẹ̀ ló ń fi ìbínú kọ́, títí orí ìka rẹ̀ fi yi. Lọ́jọ́ tó mọ̀ ọ́n, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó tan fóònù, ó gbé e sórí àga Tíṣà. Òun ló kọ́kọ́ ta ìlà olùkọ́.

Fóònù dákẹ́. Lẹ́yìn náà, gìtá kan dún nínú rẹ̀: ìlà akẹ́kọ̀ọ́, èyí tí Tíṣà kò gbà sílẹ̀ rí. Ó ń gbọ̀n. Ó ń wá okùn kiri. Níbi tí ìka kẹta ti ń fò, ó ṣì í.

Aránṣọ kan ara gìtá lẹ́ẹ̀mejì.

"Padà síbẹ̀rẹ̀."

Ó padà síbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí bàbá òun ta á dé òpin lẹ́ẹ̀kan. Ó tún kan ara gìtá. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tí ọmọ wá tan iná, orin ìṣẹ́jú mẹ́ta náà ṣì ń ṣìnà níbi kan náà. Kò sì tíì rẹ ìyá rẹ̀.