Rédíò Tó Kọjú sí Ògiri

"Yí rédíò yẹn padà, jẹ́ ká máa lọ." Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Ọmọbìnrin náà ṣì ń wo rédíò náà. Òfin kan ló wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe: èyí tó bá kọjú síta, ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbà á, èyí tó bá kọjú sí ògiri ti kú, a lè tú u. Bàbá rẹ̀ nìkan ló sì ń yí wọn, tí ẹni tó ni ín bá ti ní kó tú u.

Ère tí ọmọbìnrin náà ń ṣe ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Àwọn fóònù tí ayé ti pa tì ló fi ṣe àyà rẹ̀, wáyà ni irun. Béèyàn bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ère á kí i. Sípíkà nìkan ló kù, gbogbo èyí tó wà nínú àwọn òkú rédíò ló sì ti bàjẹ́. Ẹni tó bá gba ipò kìíní níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ilé-ìwé yóò lo ọlidé lọ́dọ̀ àgbà oníṣẹ́ ọnà kan. Ọkàn rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀.

Ó yí rédíò Tíṣà Àgbà, olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kọjú sí ògiri. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá tú u, ó yọ sípíkà rẹ̀, bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá a.

Kò pẹ́ tí Tíṣà Àgbà fi dé.

"Rédíò mi ńkọ́?"

Bàbá ọmọbìnrin náà wo pẹpẹ. Kò rántí pé òun yí i, ṣùgbọ́n ó gba òfin rẹ̀ gbọ́ ju orí ara rẹ̀ lọ. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa tú u, sà. Ẹ wò ó, ó kọjú sí ògiri."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ ti gbàgbé ni, sà. Àgbà ti ń dé."

Arúgbó tó máa ń fọ́nnu pé òun ṣì mọ orúkọ gbogbo ọmọ tí òun kọ́ tún wo pẹpẹ náà. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì lọ. Ojú ti ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n ó panu mọ́.

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, ère ń kí èèyàn, èèyàn ń rẹ́rìn-ín, àwọn adájọ́ ń fún un ní máàkì. Tíṣà Àgbà náà wá wòran. Ó bọ ère lọ́wọ́.

"Ẹ kú àbọ̀ o!" Ohùn náà ń gbọ̀n gìrìgìrì.

"Mo mọ gbígbọ̀n yìí," ó ní. "Sípíkà rédíò mi ni. Èmi ni mo fi bébà lẹ ibi tó ya." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí mo tún ti ń gbàgbé ni?"

Ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kó dákẹ́.

"Ẹ ò gbàgbé, sà," ọmọbìnrin náà ní. "Èmi ni mo yí i."

Ó ṣí àyà ère, ó yọ sípíkà náà síta, tòun ti bébà lára. Bàbá rẹ̀, tí òun náà wá wòran, ń bẹ Tíṣà Àgbà lójú gbogbo èèyàn. Ère ò lè fọhùn mọ́, ẹlòmíràn ló gba ipò kìíní.

"Ti rédíò kọ́ ló dùn mí," Tíṣà Àgbà sọ fún ọmọbìnrin náà. "Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti jáde nílé dáadáa. Mo rò pé orí mi ti ń dàrú."

Ẹ̀yin ọmọ, irọ́ tí a kò fẹnu pa, irọ́ náà ni. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, ẹlòmíràn ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Ẹ tètè sọ òótọ́.