Alágbàtọ́ Odídẹrẹ́

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá ti já èrò sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní Ṣàngó-Ọ̀tà, Ọláoyè a bi ìyàwó rẹ̀ léèrè láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Ìyá Yémisí, ṣé o ti jẹun?" Fẹ́yìsetán a sì dáhùn pé òun ti jẹun, ì báà jẹ́ irọ́. Àwọn ayálégbé tuntun rò pé baálé ilé wà nílé ni. Ọdún méjì rèé tí wọ́n ti sin Ọláoyè.

Odídẹrẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ọláoyè ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin, ohùn rẹ̀ gan-an ni ẹyẹ náà sì kọ́, títí dé ikọ́ kékeré tó máa ń wú kó tó la ẹnu. Fẹ́yìsetán kò ní fídíò ọkọ rẹ̀ kankan, kò sì ní ohùn rẹ̀ nínú fóònù. Inú ẹyẹ yìí nìkan ni ohùn náà kù sí.

Nígbà tí oyún Yémisí ọmọ rẹ̀ pé oṣù ní Òṣogbo, ó di dandan kí ìyá lọ dúró tì í. Ẹyẹ kò lè bá a lọ, nítorí ọkọ Yémisí kì í lè mí dáadáa níbi tí ìyẹ́ bá wà. Ta ni kó wá gbé e fún? Ẹlòmíì ì bá wá ẹni tó mọ oúnjẹ ẹyẹ. Ẹnu èèyàn ni Fẹ́yìsetán ń yẹ̀ wò ní tirẹ̀, torí odídẹrẹ́ a máa gbàgbé ohùn àtijọ́ bó bá rí tuntun. Múìdéènì tó ń lẹ táyà fẹ́ràn ẹyẹ náà bí ẹyin ojú, ṣùgbọ́n èébú ló fi ń kí oníbàárà. Ìyá Ephraim mọ́ tónítóní, àmọ́ kò lè fọ abọ́ kan láìkọrin. Fẹ́yìsetán jókòó ní ṣọ́ọ̀bù tibí, ó jókòó ní tọ̀hún, ó kàn ń fetí sílẹ̀. Wọ́n rò pé ó wá ṣeré ni.

Ọ̀dọ̀ Morónfólú ni ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ni ọmọbìnrin yìí ti dé àdúgbò, tó ń rán aṣọ iṣẹ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ Àgbárá. Ó ń gbọ́ràn ketekete, ṣùgbọ́n ibà kan ti mú ohùn rẹ̀ lọ láti kékeré. Orí fóònù ló ti ń tẹ ohun tó bá fẹ́ sọ. Ní ti ìwà rere, òdú ni, kì í ṣe àìmọ̀ fólóko. Ẹnu tí kì í sọ̀rọ̀ kò sì lè kọ́ ẹyẹ lọ́rọ̀.

Ó gbé ẹyẹ fún un, ó wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Ojoojúmọ́ ni Morónfólú ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: ó jẹ ẹ̀pà, ó wẹ̀, ara rẹ̀ le. Ní ọjọ́ kẹta, Yémisí bí ọkùnrin. Àwọn àna kó orúkọ jọ lóríṣiríṣi. Yémisí sunkún díẹ̀, ó ní gbogbo èèyàn ló ní orúkọ tí wọn yóò fún ọmọ òun, àfi bàbá òun. Fẹ́yìsetán ronú títí, kò rántí orúkọ kankan tí ọkọ rẹ̀ yàn rí.

Nígbà tí ìkómọjáde ku ọjọ́ mẹ́ta, àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn dé: "Ẹ ṣeun, mà, tí ẹ rán bàbá tó ń bá ẹyẹ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní sùúrù gan-an."

 Fẹ́yìsetán kò rán ẹnikẹ́ni. Ó pe Múìdéènì, ìyẹn fi Ọlọ́run búra pé ọ̀sẹ̀ kan rèé tí òun ti wà ní Igbẹsa. Ohun tó wá ń dun Fẹ́yìsetán ni pé ohùn àjèjì ti ń lé ohùn ọkọ òun jáde. Ó bẹ Yémisí, ó wọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ṣọ́ọ̀bù Morónfólú dákẹ́ nígbà tó wọlé. Bẹ́ǹṣì kékeré kan wà níwájú kéèjì ẹyẹ, òórùn irin gbígbóná sì ń rùn níbẹ̀, irú èyí tó máa ń wà lára Ọláoyè tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Morónfólú kúnlẹ̀ kí i. Fẹ́yìsetán rọra bèèrè bí bàbá náà ṣe rí. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́, ó na fóònù sí i.

"Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n ń wọ̀. Èyí tí iná jó lápá, tí ẹ gbé wá kí n bá yín lẹ̀ lọ́jọ́sí. Láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ ni wọ́n ti ń wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kọ́ ọ, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé."

Aṣọ iṣẹ́ Ọláoyè náà wà nínú àpótí nílé Fẹ́yìsetán, kọ́kọ́rọ́ àpótí sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ̀rù bà á, kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀ ìfẹ́ tì í lẹ́yìn, ó sún mọ́ kéèjì. Odídẹrẹ́ wò ó títí, ó wúkọ́.

"Fọlájìmí," ni Ọláoyè wí. "Ẹ sọ ọ́ ní Fọlájìmí."

 Fẹ́yìsetán jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì náà sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀, wọn ò tíì bí ọmọ náà.

Ó dúró títí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ fi kọjá. Ẹyẹ kò bèèrè nǹkan kan. Orúkọ yẹn nìkan ló ń pè. Ohun tó ń sá fún ti ṣẹlẹ̀, ìbéèrè àtijọ́ ti lọ. Ó sunkún rẹ̀ tẹ́rùn, ó nu ojú, ó pe Òṣogbo.

"Yémisí, ẹ kọ orúkọ kan mọ́ orúkọ ọmọ."

"Ta ló fún un, Mọ́mì?"

 Fẹ́yìsetán gbé fóònù sún mọ́ kéèjì.