Ẹ Wọlé, Ká Máa Lọ

Aránṣọ ni obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, mo sì ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ ní, ta ló gba aránṣọ gbọ́ rí? Ẹ fara balẹ̀. Tí èyí bá ní ọjọ́ Jimọ́ọ̀ laṣọ máa jáde, ọjọ́ Jimọ́ọ̀ náà ló máa jáde, á ti lọ̀ ọ́, á ti ká a. Kò purọ́ ọjọ́ fún oníbàárà rí. Kí ló máa wá mú un purọ́ mọ́ ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí?

Ọkọ rẹ̀ ló ríṣẹ́ sílùú míì, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bébà. Ó ti gba ilé síbẹ̀. Ó wá ku kí ìyàwó kó àwọn ọmọ bá a. Ìrìn wákàtí mẹ́wàá ni.

"Dúró kí n wá kó yín," lọkọ wí lórí fóònù. "O ò lè dá wa mọ́tò wá pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí aránṣọ nínú. "Wákàtí mẹ́wàá péré? Ṣé mo fẹ́ fi orí ru mọ́tò ọ̀hún ni?"

Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Lọ́yà ni gbogbo ilé ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní rí èsì fún. Ọkùnrin làwọn méjì tó tẹ̀ lé e. Èyí tó pé ọdún márùn-ún ń jẹ́ Ajẹmáyó, ẹ ò ní bi mí pé kí ló dé. Àbígbẹ̀yìn pé ọdún mẹ́ta, Ọ̀gá sì ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn.

Aránṣọ mọ ohun tó ń pa òbí lójú ọ̀nà. Kí ebi pa ọmọ, àbí kí ìjókòó sú ọmọ. Ó se ẹyin mẹ́fà. Ó gé búrẹ́dì, ó fi bọ́tà ra á. Ó bó ọsàn, ó fi bisikíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kún un. Ó kó gbogbo ẹ̀ sínú kúlà, ó gbé kúlà síbi ẹsẹ̀ Lọ́yà.

"Ìwọ ni alásè, ìwọ náà ni apàlọ́," ló wí fún un. "Tí wọ́n bá ní ebi ń pa àwọn, fún wọn. Tó bá sú wọn, pàlọ́ fún wọn. Títì lèmi ń wò ní tèmi." Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi bẹ́líìtì dè é mọ́ àga bí ẹni de èèyàn.

Wákàtí méjì àkọ́kọ́ lọ geere. Wọ́n kọrin, wọ́n jà, wọ́n tún kọrin. Ìgbà tó yá, Ọ̀gá bì sára. Aránṣọ dúró sábẹ́ igi kan létí títì, ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó pààrọ̀ ẹ̀wù fún un, ó nu àga. Oòrùn mú. Kò sí ilé nítòsí. Kòkòrò ò ké, ewé ò mì. Ibẹ̀ dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ kò kà á sí. Àwọn ọmọ ti ń sáré yí igi ká. Ó pàtẹ́wọ́ pè wọ́n.

"Ó yá, ẹ wọlé, ká máa lọ."

Wọ́n wọlé. Ó ti ilẹ̀kùn, pá, pá. Ó wakọ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí Lọ́yà fi sọ̀rọ̀. "Màmá, wọ́n ní kẹ́ ẹ rọra máa sáré."

"Ẹ gbọ́ o! Sọ fún wọn kí wọ́n wá wà á."

Lọ́yà fèsì. "Wọ́n ń rẹ́rìn-ín."

Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ ẹ̀rín kankan lẹ́yìn. Ó ní ariwo ẹ́ńjìnnì ni.

"Màmá, ebi ń pa wọ́n."

"Fún wọn lẹ́yin."

Ó wakọ̀ lọ. Ó gbọ́ tí èèpo ẹyin ń fọ́, kẹrẹkẹrẹ, kẹrẹkẹrẹ. Ó gbọ́ ẹnu tó ń jẹ nǹkan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí eyín rẹ̀ kò pé.

"Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán, Màmá."

"Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?"

"Wọ́n ní ó ti pẹ́ táwọn ti jẹun."

"Ajẹmáyó!" Aránṣọ gbójú sókè wo díńgí, ó fẹ́ bú ọmọ. Ajẹmáyó ń sùn. Ọ̀gá náà ń sùn. Ẹnu àwọn méjèèjì là sílẹ̀ gbagada, itọ́ sì ti gbẹ létí ẹnu Ọ̀gá. Oorun yẹn kì í ṣe tìsinsìnyí.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. Ó wo Lọ́yà. Ìwọ lo jẹ ẹ́, ló sọ nínú ara rẹ̀. O jẹ ẹyin mẹ́fà, o wá ń purọ́ mọ́ àwọn tó ń sùn. Ó ti fẹ́ là á mọ́ ọn lójú nígbà tó rántí. Ẹyin kì í bá ara ọmọ yìí mu. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló jẹ ẹ́ rí, ojú rẹ̀ sì wú dé bi pé wọ́n gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn. Ó tún wo díńgí. Ojú Lọ́yà ń dán. Kò sí ibi tó wú.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Kó má bàa pariwo lásán, ó ní, "Lọ́yà, pàlọ́ kí n gbọ́."

"Obìnrin kan wà," Lọ́yà bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Ó tẹ́tí. Ó tún ń bá a lọ. "Obìnrin kan jókòó sétí títì. Ọkọ̀ ń kọjá." Ó tún tẹ́tí. "Oúnjẹ ń ta sánsán nínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó dúró."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Ó parí. Bó ṣe mọ nìyẹn."

"Àlọ́ wo lèyí? Ta ló kọ́ ẹ?"

"Wọ́n ni."

"Nílé ìwé?"

"Rárá o."

Aránṣọ rọra wo díńgí fún ìgbà kẹta. Lọ́yà fún mọ́ ilẹ̀kùn òsì. Àwọn ọkùnrin méjèèjì fún mọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún, ọ̀kan gun orí ọ̀kan. Ààrín ṣófo. Tìmùtìmù àga tó wà láàárín ti jìn wọlé, bó ṣe máa ń jìn tẹ́ni tó lára bá jókòó lé e. Ojú aránṣọ lojú rẹ̀, kò mọ̀gbà tó wọ̀n ọ́n. Ìdí tó tó ínǹṣì mẹ́rìnlélógójì.

Ó pè é. "Lọ́yà. Ta ni 'wọ́n'?"

"Ẹ̀yin náà lẹ fà mí létí lọ́jọ́ tí mo ní oníbàárà yín ti dé, tí mo pè wọ́n ní 'ó'. Ẹ ní ṣé ẹgbẹ́ mi ni. Ẹ ní tó bá ti jẹ́ àgbà, 'wọ́n' là ń sọ."

"Àgbà wo ló wà níbí?"

"Màmá tí wọ́n jókòó sáàárín wa."

Aránṣọ di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Títì lọ tààrà níwájú, kò sẹ́ni níbẹ̀. "Níbo ni wọ́n ti wọlé?"

"Lábẹ́ igi. Ẹ̀yin náà lẹ pè wọ́n."

"Èmi?"

"Ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹ ní, 'Ó yá, ẹ wọlé.'"

Ẹ gbà mí o. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìyá ń sọ lójoojúmọ́! Bá a ṣe ń sọ ọ́ sí ọmọ mẹ́ta náà la ṣe ń sọ ọ́ sí àgbà kan ṣoṣo tá a bọ̀wọ̀ fún. Ta ló ń ronú ẹ̀ kó tó yanu?

"Níbo ni wọ́n ń lọ?" Ohùn aránṣọ ti wálẹ̀.

Lọ́yà tẹ́tí. "Wọ́n ní ó kù díẹ̀. Wọ́n ní a jọ máa sọ̀kalẹ̀ ni."

"Ta ni 'a'?"

"Èmi àti àwọn."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ rán sílé kejì lọ gba iyọ̀.  Aránṣọ fẹ́ràn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ Lọ́yà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ dìyá. Lẹ́ẹ̀kan náà, nǹkan mìíràn kò ṣe pàtàkì mọ́ láyé, àfi kí ọmọ yìí má sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò yìí.

"Ẹnikẹ́ni ò sọ̀kalẹ̀," ló wí. "Ó di ọ̀dọ̀ bàbá yín." Ó tẹ mọ́tò.

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ rọra sáré o, Màmá."

Ìwájú ló kọjú sí. Kò tún wo díńgí mọ́. Ọgọ́rùn-ún kìlómítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rùn rẹ̀ ò yí. Òórùn kan ti wà nínú ọkọ̀, òórùn eruku tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sí, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá jí. "Màmá! Ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí!"

"Yà á sí ṣòkòtò."

Ó ya Ọ̀gá lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ti ń torí ẹ̀ nà án látọjọ́ yìí? "Mi ò yà á sí ṣòkòtò! Mi ò yà á!" Ló bá figbe ta. Ajẹmáyó jí, òun náà bá a ké. Bí ìyẹn ò tíì tó, iná epo tàn pupa níwájú aránṣọ. Ọkọ̀ ò ní dé ibì kankan láìsí epo. Iná ń bẹ níwájú, odò ń bẹ lẹ́yìn.

Ilé epo kan yọ. Ó ní ó kéré tán, èèyàn á wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó ń ta epo, ó jókòó sórí ìjókòó onírin. Ó dìde, ó wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ẹ kú ìrìn o." Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó bọ́ fìlà, ó tẹ̀ ba díẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, Màmá."

"Ta lẹ̀ ń kí?" ni aránṣọ wí.

"Màmá yín tí wọ́n wà..." Ó tún wò ó. Kò parí ọ̀rọ̀. Ó dé fìlà rẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀rọ epo, kò sì tún wo ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Aránṣọ sọ̀kalẹ̀.  Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní ìhà òsì. Kí ló fẹ́ sọ? Tó bá ní "sọ̀kalẹ̀" gbẹrẹfu, àrífín ni, ta ló sì mọ ohun tí irú wọn ń ṣe fún ẹni tó bá rí wọn fín? Ó kó ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

"Mo bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

Lọ́yà sọ̀kalẹ̀.

"Ìwọ kọ́!"

"Ẹ ní ká sọ̀kalẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ gbé ara sókè, bó ṣe máa ń ṣe tí ẹrù bá kúrò nínú ẹ̀. Irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ dún, kíín. Ọwọ́ ọ̀tún Lọ́yà rìn lọ sókè díẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, bí ọwọ́ ọmọ tí ẹni tó ga jù ú dì mú. Ó ń rìn lọ sẹ́yìn ilé epo.

"Lọ́yà!"

Ọ̀gá já bọ́ láti orí àga, ó so mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń ké ìgbẹ́, ìgbẹ́. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e. Nígbà tó gbójú sókè, kò rí Lọ́yà mọ́. Ó sáré. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ó búra fún mi. Ó yí ògiri kọjá, ó bá ọmọ níbi ẹ̀rọ omi, ó dá dúró, ó ń fọwọ́.

"Wọ́n dà?"

"Wọ́n ti lọ," lọmọ náà wí.

Aránṣọ fi ọwọ́ kan gbá a mọ́ra. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kí Ọ̀gá yàgbẹ́ rẹ̀ síbi tó bá wù ú. Ó sanwó epo. Ọkàn rẹ̀ ò sí lára ẹ̀, ìkánjú ló kù. Ó pàtẹ́wọ́.

"Ó yá, ẹ wọlé, kíá!"

Wọ́n wọlé, ó wakọ̀. Wọ́n ti dé títì kó tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, àmọ́ ẹyin lohùn.

Ó wo díńgí. Àwọn ọmọ jókòó bó ṣe yẹ, èjìká kan èjìká. Ààrín ò ṣófo mọ́. Lọ́yà ló jókòó síbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí Lọ́yà fún àwọn àbúrò rẹ̀ ní búrẹ́dì. Ó fún wọn. Ajẹmáyó ní tòun kéré, ó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Lọ́yà ò bá a jà. Títí wọ́n fi dé, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dá kò sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Bàbá àwọn ọmọ sáré jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó gbé Ajẹmáyó, ó gbé Ọ̀gá. "O gbìyànjú o!" ló wí fún ìyàwó rẹ̀. "Mo gbà fún ẹ." Ó kó wọn wọlé.

Lọ́yà ló sọ̀kalẹ̀ kẹ́yìn. Ó di ilẹ̀kùn mú. Ó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó sinmi, ó wá gbé èkejì. Ó wo ìyá rẹ̀.

"O ṣé, ọmọ mi," ló wí.

Ó rìn wọlé. Aránṣọ dúró síta pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ títí ọkọ rẹ̀ fi jáde wá wò ó. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé eré ni. Àwọn ọmọdé máa ń fi ìyá wọn ṣeré. Kò sọ ọ́ fún ọkọ. Kí ló fẹ́ sọ? Kò sì sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń po kókó fún wọn ní kíṣìnnì tuntun yẹn. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá."

Ohùn Lọ́yà ni. Ojú Lọ́yà ni. Ọ̀wọ̀ tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ náà ló fi kí i. Ó yẹ kí inú aránṣọ dùn. Ó yẹ kó ní, káàárọ̀, ọmọ mi, ṣé o sùn dáadáa?

Ó yanu.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ló gbọ́ tó jáde.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì yà á lẹ́nu. Ó mi orí sí i, ó fa àga, ó jókòó.