Kí Ohùn Má Baà Já

Ní ọjọ́ tí ìròyìn dé Abuno, ìlú àwọn tó ń ṣe gìtá létí òkun, pé ọkọ̀ òkun tí Anselmo ń bá ṣiṣẹ́ ti rì, Rosenda ń fi sánpépà ha ẹ̀yìn gìtá kan ní ìsọ̀ bàbá rẹ̀. Kò sunkún. Ó ń ha á lọ, ó ń ha á bọ̀, títí Nong Ireneo, bàbá rẹ̀, fi rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Igi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu.

Ibẹ̀ náà ni Anselmo ti kọ́kọ́ rí Rosenda nígbà kan, tí eruku igi bo irun àti ìpéǹpéjú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun.

"Ìwọ lo ṣe gìtá yìí? Ta á kí n gbọ́."

"Ṣíṣe ni mo mọ̀. N ò mọ̀ ọ́n ta."

"Háà! Alásè tí kì í tọ́ ọbẹ̀ wò!"

"Oníbàárà tí kì í ra nǹkan ńkọ́?"

Anselmo rẹ́rìn-ín. Kò ra nǹkan kan lóòótọ́, kó lè rí ìdí padà wá lọ́la.

Òun ló wá ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta orin kan. "Ọwọ́ ọ̀tún á ta okùn lẹ́ẹ̀kan péré. Ọwọ́ òsì lá máa sọ ìyókù."

Rosenda ta á. Ó gbé ìka sókè, okùn sì dákẹ́.

"Inday, ọ̀wọ́n mi, o ń sá fún un. Fi ìka yẹn fa okùn díẹ̀ bó o ṣe ń kúrò. Èyí tó wà lẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ ti tẹ okùn kí tiwájú tó lọ, kí ohùn má baà já."

Ṣùgbọ́n Nong Ireneo kò fẹ́ àna tó ń gbé ojú òkun. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ pọ̀, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọjọ́ tó bá ta orin yín yẹn láìjá, kó o wá mú un lọ." Ó mọ̀ pé iṣẹ́ ti mú ọwọ́ ọmọ òun le.

Ní èbúté, lọ́jọ́ tí Anselmo ń padà sójú òkun, bí ọwọ́ wọn ṣe ń tú, ó fi ìka kọ́ ti Rosenda, ó fà á díẹ̀.

"Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà rì, wọn kò rí òkú Anselmo. Ní ogójì ọjọ́, wọ́n gbin àbẹ́là sínú iyanrìn etí òkun. Rosenda gbé gìtá wá. Ó ti mọ orin náà ta kí ìròyìn tó dé. Ó ń pa á mọ́ ni, kí Anselmo lè kọ́kọ́ gbọ́.

Ó ta okùn lẹ́ẹ̀kan. Ìka kan lọ, òmíràn ti wà níbẹ̀. Ohùn náà kò já. Ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, títí ìgbì fi gbé e mì.

Nong Ireneo ṣí fìlà. Ó kọjú sí omi.

"Anselmo, ọmọ mi, ó ti ta á. Wá mú un."

Afẹ́fẹ́ pa àbẹ́là. Bàbá arúgbó náà kúnlẹ̀, ó sì tún un tàn.