Ohun Tí Akọ̀wé Rí Lọ́wọ́ Bàbá Awò

Ọjọ́ méjì péré ló kù kí ṣọ́ọ̀bù aago àti góòlù wọn pé ogójì ọdún nígbà tí ṣéènì góòlù ìyàwó dókítà dàwátì. Akọ̀wé tú gbogbo dúrọ́ọ̀ palẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ àpótí onígíláàsì títí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fi kún fún eruku, kò rí nǹkan kan. Ìwé pélébé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so mọ́ ṣéènì náà, lọ́jọ́ tí obìnrin náà gbé e wá pé kí wọ́n bá òun jó ibi tó já, nìkan ló kù nílẹ̀.

Akọ̀wé kọ́ lorúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Kíláàsì tó kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ girama ló wà, ṣùgbọ́n òun ló ń kọ orúkọ oníbàárà mọ́ aago àti òrùka tó bá wọlé, ni wọ́n bá ń pè é bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ló dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Bàbá àgbà ṣì ń jókòó sídìí aago láràárọ̀, àmọ́ ìyá Akọ̀wé ló ń darí gbogbo nǹkan báyìí. Ẹnì kẹrin wọn ni Bàbá Awò, tó ti ń tún aago ṣe níbẹ̀ láti ọdún méjìlélógún. Awò kékeré tó máa ń há sójú ló sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn oníbàárà a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bó bá sùn, awò náà kì í sùn.

Ó ti tó oṣù kan tí ọ̀rọ̀ Bàbá Awò yìí ti ń kọ Akọ̀wé lóminú. Bó bá ti sún mọ́ tábìlì rẹ̀, ọkùnrin náà á ti dúrọ́ọ̀ pa. Òun àti Bàbá àgbà á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí wọ́n bá gbúròó ẹsẹ̀, wọ́n á dákẹ́. Lọ́jọ́rú, bí Akọ̀wé ṣe ń ti ilé ẹ̀kọ́ wọlé, ó rí i tí Bàbá Awò fi aṣọ ìnujú di nǹkan, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tó tì í bọ àpò, tó sì tètè lọ sílé. Ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n wá ṣéènì tì, Akọ̀wé mú èyí tó rí, ó fi èyí tí kò rí kún un. Ilé tí kò fura ni olè ń kó, ó wí nínú ara rẹ̀.

Bàbá àgbà ti lọ sinmi nígbà tí ìyá kó wọn jọ sí yàrá ẹ̀yìn, tó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni rí nǹkan kan. Bàbá Awò ní òun ò rí i. Ìyá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Bí Akọ̀wé bá ní aṣọ ìnujú lòun rí, òótọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó rò ó pé ọ̀rọ̀ náà ò ní lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

"Mo rí ṣéènì náà lọ́wọ́ Bàbá Awò lánàá," ó wí. "Ó dì í sínú aṣọ ìnujú. Ó ń dán."

Bàbá Awò wò ó bí ẹni ń wo aago tí kò mọ ohun tó dá a dúró. Ó gbà pé lóòótọ́ lòun di nǹkan lọ sílé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ṣéènì, òun ò sì ní sọ ohun tó jẹ́.

"Ẹ dákun, ẹ sọ ọ́," ni ìyá wí. "Ẹ má jẹ́ kí n máa ro ohun tí mi ò fẹ́ rò."

"Ẹ má bínú, ìyá Akọ̀wé. Kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ."

Ẹni tó ní òun ò ní sọ̀rọ̀, ta ni yóò gbèjà rẹ̀? Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì, Akọ̀wé ròyìn rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mẹ́ta nílé ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ Sátidé pé. Àwọn oníbàárà àtijọ́ kó aago tí wọ́n rà nígbà èwe wọn wá fún àfihàn, gbogbo wọn ló ń béèrè Bàbá Awò. Bàbá àgbà náà béèrè rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín wákàtí kan, bí ẹni tí kò tíì béèrè rí. Ìgbà yìí gan-an ni ìyàwó dókítà wọlé, ṣéènì lọ́rùn.

Ó ní òun wá kí wọn kú oríire ni. Ó ní láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí ẹnikẹ́ni tó dé, Bàbá àgbà fúnra rẹ̀ ló tú ìwé ara ṣéènì, tó fà á lé òun lọ́wọ́. Bàbá àgbà rẹ́rìn-ín sí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pé ta ni obìnrin náà.

Bí àlejò ti túká, Akọ̀wé àti ìyá rẹ̀ gba ilé Bàbá Awò lọ. Wọ́n bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aago mẹ́rin ní títú níwájú rẹ̀. Akọ̀wé dá ìkọ̀wé ara rẹ̀ mọ̀ lára ìwé pélébé tó wà lára wọn. Aago tí wọ́n gbé fún Bàbá àgbà tún ṣe ni gbogbo wọn.

"Ẹ ti mọ̀ báyìí," ni Bàbá Awò wí. "Iyè bàbá ti ń ra. Ó máa ń tú aago, kó gbàgbé bí yóò ṣe tò ó padà. Èmi ni mo ń gbé e wálé wá tò. Ó bẹ̀ mí pé kí ogójì ọdún yìí kọjá ná, kẹ́ ẹ tó mọ̀."

Ìyá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fọwọ́ bojú. Akọ̀wé lè ní ojú òun ló ṣe bàìbàì, wọ́n á gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀.

"Mi ò rí ṣéènì kankan. Aṣọ ìnujú ni mo rí. Mo parọ́ mọ́ yín, sà."

Bàbá Awò ní òun ti dárí jì í, ṣùgbọ́n òun ò padà sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, nítorí pé nǹkan mìíràn tó bá sọnù, àpò òun ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Ó ní kí wọ́n máa mú Bàbá àgbà wá sọ́dọ̀ òun lọ́sàn-án, káwọn jọ máa tún aago ṣe. Ìyá bẹ̀ ẹ́ títí, kò yí ohùn padà.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Akọ̀wé wá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní irọ́ lòun pa. Méjì gbà. Ẹ̀kẹta ṣu ẹnu jọ pé bí ò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

"Ó nídìí lóòótọ́," Akọ̀wé dá a lóhùn. "Èmi ni ìdí náà."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò burú kéèyàn fura. Ṣùgbọ́n ibi tí ojú yín bá ríran dé ni kí ẹnu yín dúró. Ẹni tẹ́ ẹ parọ́ mọ́ lè dárí jì yín lóòjọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè gba ọ̀rọ̀ náà padà lẹ́nu gbogbo ayé.