Epo Pupa àti Ojú Muhsinah

Ìgbà kẹta lọ́sẹ̀ yẹn rèé tí Muhsinah kọsẹ̀ lára ìkòkò omi lásìkò ìrun Màgíríbì. Lọ́sàn-án, ojú ọmọ ọdún mẹ́fà náà ríran kedere. Kí oòrùn ṣáà ti wọ̀ lẹ́yìn òkè Ọ̀kà, á di ẹni tó ń fọwọ́ tá ògiri.

"Ojú adìẹ ni," ni Àlàájà Hafsoh, ìyá ọkọ Limota tó bí Muhsinah, wí. "Ẹ jẹ́ kí n fún ewé sí i lójú."

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Ẹnikẹ́ni ò ní fún ewé sójú ọmọ mi."

Ẹnu ya gbogbo agbolé. Limota kì í gbó ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ òun ń fọ́jú lọ, ẹ̀rù náà ló sì fún un nígboyà. Bílẹ̀ ti mọ́, ó gbé ọmọ sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́.

"Kí lọmọ yìí ń jẹ?" ni Nọ́ọ̀sì Elizabeth bi í.

"Ẹ̀bà, ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata. Ìyá máa ń gbé epo kaná títí tí á fi funfun, kọ́bẹ̀ lè ta sánsán."

"Ẹyin ńkọ́?"

"Háà! Ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, wọ́n ní olè ló ń dà."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. "Ìyá Muhsinah, fítámì A wà nínú ẹyin. Ohun tó sì mú kí epo pọ́n, ara wa ló ń sọ ọ́ di fítámì yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké kan wà nínú ojú tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Fítámì náà ni wọ́n ń sọ di ohun tójú fi ń ríran níbi tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ìmọ́lẹ̀ bá lò ó, wọ́n á tún un ṣe. Wọn ò ya ọ̀lẹ, àmọ́ ta ló ń mọlé láìsí amọ̀? Iná tẹ́ ẹ fi ń sọ epo di funfun ló ń jó amọ̀ wọn run."

Ó fún ọmọ ní fítámì náà, ó sì kìlọ̀ pé bí wọ́n bá fi falẹ̀, ojú lè fọ́ pátápátá.

Nírọ̀lẹ́, Limota fi epo tí kò jó se ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ó gbé odindi ẹyin lé e.

"O fẹ́ sọ ọmọ ọmọ mi dolè!" Àlàájà figbe ta.

"Ìyá, ẹni tí ò ríran, kí ló fẹ́ rí jí? Á jẹ ẹ́ lónìí, á tún jẹ ẹ́ lọ́la."

Lọ́jọ́ díẹ̀ sí i, tẹ̀sùbáà Àlàájà bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìrun Màgíríbì. Kó tó ní kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì, Muhsinah ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

Omi lé ròrò lójú ìyá àgbà. "Olè mi," ó ní, "ẹyin tìẹ dà?"

Ẹ̀yin òbí, bọ́mọ bá ń kọsẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ má fún ohunkóhun sí i lójú. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ẹ má jó epo di funfun. Ẹ fún ọmọ lẹ́yin, ẹ̀dọ̀, ẹ̀fọ́ àti máńgòrò. Ẹ má sì dá oògùn fítámì rà fún un, àlòjù rẹ̀ léwu. Ẹyin ò sọ ẹnikẹ́ni dolè. Àṣà tó ń jí ojú ọmọ gbé, òun gan-an lolè.