Ìléròrò Ìbàdí Ṣèyítán

Ọ̀rẹ́ mi, ta lò ń fura sí? Jókòó ná, kí o gbọ́ ti Ṣèyítán.

Pákó ni Ṣèyítán ń tà l'Ádó-Èkìtì. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń bá a fínra. Ó ń lo oògùn dókítà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbàdí, oògùn aláwọ tó máa ń so mọ́ ìbàdí nítorí ọ̀tá, ló gbójú lé. Bí o bá kí i pé "Ẹ káàárọ̀", á wo ọwọ́ rẹ méjèèjì kó tó dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, ìbàdí rẹ̀ lápá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó o bí iná. Kó tó dọ̀la, ìléròrò ti tò láti ẹ̀yìn dé ikùn, ó sì dúró gbọnin láàárín ikùn, bí ẹni pé wọ́n fi ààlà sí i. Apá òsì ò ní ẹyọ kan.

"Oyèmọ́lá ni!" Ṣèyítán figbe ta. Oyèmọ́lá, tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ti gbá a níhà lánàá pé, "Ọkùnrin ogun, ara ńkọ́?" Ọwọ́ yẹn ni!

Morádéyọ̀, ìyàwó rẹ̀, ní kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn. Ó kọ̀. Ó so ìgbàdí mọ́ ojú egbò. Awọ ń ha ìléròrò, Ṣèyítán ń ké bí ewúrẹ́, ó ní, "Ó ti ń ṣiṣẹ́!"

Oyèmọ́lá gbé iyán wá kí i. Ṣèyítán gbé e fún ajá, ó ń retí kó kú. Ajá jẹ ẹ́ tán, ó lá abọ́, ó jókòó de òmíràn.

Lọ́jọ́ kẹrin, ibà wọlé. Oyèmọ́lá ní òun á gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"Má fọwọ́ kàn mí! Nǹkan rẹ kan ò ní wọ ara mi láé!"

Ni Morádéyọ̀ bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì di ẹkún. "Bàbá Ẹ̀bùnọlá, ó ti wọ̀ yín lára. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí yín lóṣù tó kọjá, Oyèmọ́lá ló fún yín. Ó ní n má sọ, pé ẹ ò ní gbà á."

Ṣèyítán na ọwọ́ sí wọn. Wọ́n gbé e lọ.

Dókítà ní, "Ẹnikẹ́ni ò ṣe yín. Àrùn ìléròrò tó ṣe yín lọ́mọdé ló sá pamọ́ sínú iṣan. Jẹjẹrẹ ti rẹ agbára ara yín sílẹ̀, ló bá jáde. Ọjọ́ kìíní ló yẹ kẹ́ ẹ ti wá!"

Ṣèyítán yíjú sí Oyèmọ́lá. "O mọ̀ pé mo kórìíra rẹ. Kí ló dé tí o fún mi lẹ́jẹ̀?"

"Jésù ta ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi nígbà tí mo ṣì ń bá a ṣọ̀tá."

Ṣèyítán tú ìgbàdí, ó sọ ọ́ sílẹ̀. "Jésù, èmi gan-an lọ̀tá. Ṣàánú mi."

Oògùn dókítà wo ìléròrò san. Ó ṣì ń tọ́jú jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tó ń ka ìwé yìí? Ẹ̀ṣẹ̀ tí o bò mọ́lẹ̀ láti èwe kò tíì kú, inú rẹ ló wà. Má wá a kiri lára aládùúgbò. Jésù ò dúró kí o fẹ́ràn òun kó tó kú fún ọ. Ronú pìwà dà níbi tí o wà yẹn, lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.